Ẹ Bi Ìyá Oníṣirò: Láti Àárín dé Etí

Ìwé yín pọ̀ lóṣù yìí, ohun róbótó ló sì kún inú rẹ̀: ìdérí kànga, páànù gàrí, tábìlì, iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo ti ṣa márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa èlé owó àjọ, ẹ ṣe sùúrù fún mi, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìjà nínú, n kò sì fẹ́ kánjú sọ ọ́. Fún tòní, ẹ fa tépù àti okùn sítòsí.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bíríkìlà ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Bàbá onílé kan ní kí n da kọnkéré bo ẹnu kànga òun, kí n fi ihò ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀ láàárín kí korobá lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Mo ta tépù, ìdérí náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé: 22/7 lọ́nà 5 lọ́nà 5. Ó fún mi ní 78 ààbọ̀. Nítorí pé ó máa nípọn ní íǹṣì 4, mo ní kí bàbá ra àpò sìmẹ́ńtì 5. Nígbà tí a dà á tán, àpò 4 ló ṣẹ́kù. Bàbá ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ jalè. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ọmọ mi, má dá bàbá lóhùn. Ẹni tó fẹ́ jalè kì í fi àpò mẹ́rin sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Tépù rẹ ló rìn kọjá ibi tó yẹ kó dúró.

Ẹsẹ̀ bàtà 5 tí o wọ̀n yẹn, láti etí kan ni, ó gba àárín kọjá, ó lọ kan etí kejì. Dayámítà nìyẹn. Rédíọ́ọ̀sì ni 22/7 ń bá ṣiṣẹ́, ìyẹn láti àárín gbùngbùn dé etí, ó parí síbẹ̀. Tìrẹ jẹ́ 2 ààbọ̀. Nítorí náà, 2.5 lọ́nà 2.5 jẹ́ 6.25. Sọ ìyẹn di ìlọ́po 22/7, ó di 19.64. Ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 19 àti díẹ̀ ni gbogbo ojú ìdérí náà, kì í ṣe 78.

Wá fi 78.57 wé 19.64. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé bí wọ́n bá fi dayámítà dípò rédíọ́ọ̀sì, ìlọ́po méjì ni ìdáhùn máa fi pọ̀ jù. Rárá o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni nọ́ńbà yẹn wọ inú ìṣirò. O sọ ọ́ di méjì nígbà àkọ́kọ́, o tún sọ ọ́ di méjì nígbà kejì, ó di mẹ́rin. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, àṣìṣe yìí ni mo fi yíǹkì pupa fà jù lọ, àwọn ọmọ tó mọ ìwé gan-an sì wà lára àwọn tó ń ṣe é.

Ó wá ku ihò àárín. Ẹsẹ̀ bàtà 2 ni dayámítà rẹ̀, rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1, 1 lọ́nà 1 jẹ́ 1, ààyè rẹ̀ sì jẹ́ 3.14. Yọ ọ́ kúrò nínú 19.64, ó ku 16.5. Ibí yìí gan-an ni kí o ti ṣọ́ra: má ṣe yọ rédíọ́ọ̀sì kúrò nínú rédíọ́ọ̀sì. Bí o bá ní "2 ààbọ̀, yọ 1, ó ku 1 ààbọ̀," tí o wá fi 1 ààbọ̀ ṣiṣẹ́, 7 àti díẹ̀ lo máa rí, kọnkéré rẹ kò sì ní dé ìdajì iṣẹ́. Wá ààyè ti ńlá, wá ààyè ti kékeré, lẹ́yìn náà ni kí o tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Íǹṣì 4 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Pín 16.5 sí mẹ́ta, ó di 5 ààbọ̀, ìyẹn kọnkéré ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì 5 ààbọ̀. Bí o bá pò ó ní ọ̀kan, méjì, mẹ́rin (sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, gíráníìtì mẹ́rin), àpò sìmẹ́ńtì oníkílò 50 kan máa ń mú nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì 5 ààbọ̀ jáde. Àpò kan péré ni iṣẹ́ náà ń bèèrè, àti ìwọ̀nba díẹ̀ fún èyí tó máa dà nù. Ìdí nìyẹn tí mẹ́rin fi ṣẹ́kù. Ìṣirò tí kò tọ̀nà ló rà á, ọwọ́ rẹ tó mọ iṣẹ́ sì lo èyí tó yẹ.

Dá àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà fún bàbá kí òjò tó mú wọn le. Mo tún fẹ́ sọ èyí: nítorí pé a rí i pé ìdérí náà kéré ju bí o ṣe rò lọ, má tìtorí ìyẹn dín ọ̀pá irin inú rẹ̀ kù lọ́jọ́ mìíràn. Ènìyàn ló máa dúró lé e.

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú wa. Ọmọbìnrin mi wà ní JSS 3 níbí ní Ìjerò-Èkìtì. Ó bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí a fi ń sọ rédíọ́ọ̀sì di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí 22/7 tó tún wá lé e. Bàbá rẹ̀ ní kó ṣáà kó o sórí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe kó o. Ọmọ náà kọ̀, ó ń bínú. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìyá ọmọ, ẹ bá mi kí i dáadáa. Ọmọ tó kọ̀ láti kó nǹkan sórí láìmọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa kọ̀. N kò dá bàbá rẹ̀ lẹ́bi o; nígbà tiwa, pàṣán máa ń wà lórí tábìlì olùkọ́, ìbéèrè kì í sì í pọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń wo pàṣán.

Ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Ẹ fún un ní sísọ́ọ̀sì. Ẹ wá kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, àwọn tí wọ́n ń pín níbi ìsìnkú àti ìwúyè. Mo mọ̀ pé ó wà lára ògiri yín, ó wà lára tèmi náà. Ẹ wá ọmọrí ìkòkò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 28, ẹ gbé e lé ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà náà, kí ọmọ fi pẹ́ńsù yí i ká, kó sì gé e. Rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 14.

Kí ó wá gé bébà onígun mẹ́rin mẹ́rin lọ́tọ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 14. Kí ó tò wọ́n mọ́ra, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kí ó gbé róbótó náà lé wọn. Etí rẹ̀ máa kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa yọ síta. Ó ti rí i báyìí pé róbótó kan kò tó bébà mẹ́rin. Bébà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kí ni? 14 lọ́nà 14, rédíọ́ọ̀sì lọ́nà rédíọ́ọ̀sì. Ohun tó ń bínú sí nìyẹn. Bébà onígun mẹ́rin yẹn ni a fi ń wọn róbótó, ìbéèrè tó kù ni pé mélòó nínú rẹ̀ ló máa kún un. Kò tó mẹ́rin. Ó ju mẹ́ta lọ díẹ̀. 22/7 tí ó ń kà nínú ìwé, mẹ́ta àti ìdá kan nínú méje ni.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí mo rò pé ó jẹ́, ó máa ní, "Ta ló sọ pé mẹ́ta àti díẹ̀ ni?" Ẹ ní kó ká róbótó náà sí méjì, kó tún un ká sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, sí 16, kó tú u, kó sì gé e tẹ̀lé ojú ìká náà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ní orí ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ á sì tẹ̀ díẹ̀. Kí ó wá tò wọ́n sórí tábìlì: ọ̀kan kọjú orí sókè, èyí tó tẹ̀ lé e kọjú orí sísàlẹ̀, kí wọ́n wọnú ara wọn títí 16 á fi pé. Ẹ ti fáànù pa o, kí ó má tú iṣẹ́ ọmọ ká.

Ohun tó máa wà lórí tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ onígun mẹ́rin gbọọrọ. Gíga rẹ̀ jẹ́ rédíọ́ọ̀sì, 14. Gígùn rẹ̀ ńkọ́? Kí ọmọ fi okùn yí etí ọmọrí ìkòkò yẹn ká, ó máa rí nǹkan bí 88. Ìdí ẹyọ mẹ́jọ wà lókè, ti mẹ́jọ wà nísàlẹ̀, nítorí náà ìdajì 88 ló wà lápá kọ̀ọ̀kan: 44. 44 lọ́nà 14 jẹ́ 616. Kí ó wá ṣe é bí ìwé ṣe wí, 14 lọ́nà 14 jẹ́ 196, 196 lọ́nà 22/7 jẹ́ 616. Ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀.

Ó lè ní etí onígun mẹ́rin náà kò gún, ó ń ṣe gbágungbàgun. Òótọ́ ló sọ. Ẹ ní kó gé òmíràn sí 32. Bí ẹyọ bá ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni gbágungbàgun náà ń kéré tó, bébà kò sì dín, kò sì lé. Archimedes, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì, ará Sírákúsì, tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Jésù, fi ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin hàn pé ààyè róbótó kò ju ti onígun mẹ́ta kan lọ, kò sì dín sí i, èyí tí ìdí rẹ̀ gùn tó etí róbótó náà, tí gíga rẹ̀ sì tó rédíọ́ọ̀sì. 88 lọ́nà 14, ẹ pín in sí méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Ẹ káàárọ̀ mà. SS 2 ni mo wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Olùkọ́ wa tẹ́lẹ̀ ní ká máa lo 22/7. Èyí tó dé ní 3.142. Nígbà tí mo tẹ páì lórí kalikulétọ̀ mi, 3.141592654 ló jáde. Èwo gan-an ló tọ̀nà?

Kò sí èyí tó tọ̀nà pátápátá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti kalikulétọ̀ ló sún mọ́ ọn jù. Páì, nọ́ńbà tí 22/7 àti 3.142 ń dúró fún, kò ní ìparí, kò sì sí ìdá kankan tó bá a mu gẹ́lẹ́. Onímọ̀ ìṣirò kan, Lambert, fi ẹ̀rí ìyẹn hàn ní ọdún 1761. Archimedes kan náà ló fún wa ní 22/7. Ó fa onígun 96 sínú róbótó, ó tún fa òmíràn sí ìta rẹ̀, ó sì rí i pé páì ju 3 àti 10/71 lọ, kò sì tó 3 àti 1/7. Nítorí náà 22/7 fi díẹ̀ pọ̀ ju òtítọ́ lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmì π tí a ń kọ yẹn kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: William Jones, ará Wales, ló kọ́kọ́ lò ó fún nọ́ńbà yìí, ní 1706.

Báwo ni "díẹ̀" yẹn ṣe pọ̀ tó? Fọkàn yàwòrán ilẹ̀ róbótó tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ mítà 7. 22/7 máa ní mítà onígun mẹ́rin 154. Páì kalikulétọ̀ máa ní 153.94. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò ju fífẹ̀ ìwé A4 kan lọ. Lórí ilẹ̀ tó tóbi tó yẹn! Bí ẹnikẹ́ni bá bá ọ jà nítorí A4, jẹ́ kó máa mú un lọ.

Mo tún fẹ́ kí o mọ̀ pé àwọn ará Áfíríkà ti ń ṣe ìṣirò yìí kí àwọn Gíríìkì tó dé ìdí rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1650 ṣáájú ìbí Jésù, akọ̀wé kan ní Íjíbítì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ahmes ṣe àdàkọ ìwé ìṣirò kan tó ti wà ṣáájú rẹ̀. Oko róbótó kan wà nínú rẹ̀ tí dayámítà rẹ̀ jẹ́ 9. Ó ní kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́sàn-án kúrò, ó ku 8. Kí a wá ṣe 8 lọ́nà 8, ó jẹ́ 64. Ó tán. Ṣe é ní ọ̀nà tiwa: 4.5 lọ́nà 4.5 lọ́nà 22/7, o máa rí 63.64. Kò sí páì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí kalikulétọ̀, oko rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ péye. Ìwé náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Bó ṣe débẹ̀, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ní ti ìdánwò, ohun tí ìbéèrè bá ní kí o lò ni kí o lò. Bí kò bá sọ, wo rédíọ́ọ̀sì: bó bá jẹ́ 7, 14, 21 tàbí 3.5, 22/7 máa yá ọ lára torí 7 á pa ara rẹ̀ rẹ́. Má gbàgbé láti kọ cm² tàbí m² sẹ́yìn ìdáhùn. 154 tí kò ní nǹkan lẹ́yìn kì í ṣe ààyè ohunkóhun.

Ẹ kú ọpọlọ mà. Gàrí ni mò ń yan ní Ìlawẹ̀-Èkìtì. Páànù mi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Wẹ́dà ní òun máa ṣe ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4 fún mi, àmọ́ ìlọ́po méjì owó ti àkọ́kọ́ ló ń pè. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló fi jù ú lọ! Ẹ̀gbọ́n mi ní jìbìtì ni.

Ìyá gàrí, ẹ̀gbọ́n yín ń wo tépù, wẹ́dà ń wo irin. Irin ni ẹ sì máa sanwó rẹ̀.

Tiyín kò tilẹ̀ nílò páì. Nígbà tí a bá ń fi róbótó kan wé òmíràn, páì wà nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Ibi tí gàrí ìwọ̀n 9 ń tẹ́ sí lórí páànù àtijọ́, ìwọ̀n 16 á tẹ́ sí i lórí tuntun, bí ẹ kò bá jẹ́ kó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, kò kàn tó o tán; tí páànù àtijọ́ bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, tuntun yẹ kó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún, kì í ṣe méjìdínlógún. Ẹ ná an wá síbẹ̀. Kì í ṣe jìbìtì, ọjà ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo ààrò yín ná o. Bí iná kò bá tàn dé etí páànù tuntun, àárín ló máa jó, etí á wà ní tútù, gbogbo 16 tí mo ṣírò yẹn á wá di àsọdùn.

Àbúrò mi obìnrin, mo kí ọ. Kápẹ́ńtà ni mí ní Òmùò-Èkìtì, mo ti ń ṣe é kí ẹ tó dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Wọ́n gbé pákó ìrókò róbótó kan wá fún mi láti fi ṣe tábìlì, wọ́n fẹ́ kí n lẹ fọ́míkà mọ́ ọn. Kò sí ojú àárín lára rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ rédíọ́ọ̀sì ohun tí n kò mọ àárín rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀. Ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ṣáájú 1996 nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ yẹ kí ẹ máa kọ́ wa.

Ọ̀nà méjì ló wà. Okùn ló yá jù. Ẹ yí i ká etí pákó náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ nà án sílẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ sọ iye náà di ìlọ́po 7, kí ẹ pín in sí 44. Ohun tó bá jáde ni rédíọ́ọ̀sì. Ká ní okùn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 11: 77, pín in sí 44, ó jẹ́ 1.75. 1.75 lọ́nà 1.75 jẹ́ 3.0625, lọ́nà 22/7, ó di 9.625. Ojú tábìlì yín nìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 9 ààbọ̀ ó lé díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa nílò àárín láti kan ẹsẹ̀ tábìlì mọ́ ọn, okùn kò sì lè fi ìyẹn hàn yín. Ẹ gbé pátákó pláìwúùdù kan tí igun rẹ̀ ṣì gún dáadáa lé pákó náà lórí, kí ṣóńṣó igun rẹ̀ dúró gẹ́lẹ́ sí etí róbótó. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pláìwúùdù máa gé etí róbótó kọjá níbòmíràn. Ẹ sààmì sí ibi méjèèjì, ẹ fi okùn ẹfun ta ìlà láti àmì kan dé èkejì. Ìlà yẹn gba àárín kọjá, dayámítà ni, ibi yòówù kí ẹ gbé igun náà sí lára etí. Ẹ yí pákó díẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí ìlà méjèèjì ti gé ara wọn ni àárín. Mo ní kí ẹ lo pláìwúùdù torí pé sìkúwéà ọwọ́ yín kò ní gùn tó láti kan etí lápá méjèèjì. Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 3 ààbọ̀ ti jù ú lọ.

Ní ti fọ́míkà, ẹ má fi 9.625 pín 32 kí ẹ sọ fún oníbàárà pé tábìlì mẹ́ta máa jáde nínú pátákó 8 lọ́nà 4 kan. Lórí ìwé, mẹ́ta wọlé, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Lójú ọ̀bẹ, 3 ààbọ̀ àti 3 ààbọ̀ jẹ́ 7, ó ku ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìpẹ̀kun àti igun wẹ́wẹ́ láàárín. Méjì ni. Ìyókù á ṣe é fi bo àpótí ìjókòó kékeré, bí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́.